Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án, Ó Ń Rìn: Sí Ẹ̀gbọ́n Mi, Akànbí

Ó dìgbà wo o, ẹ̀gbọ́n mi? Ta ni ó lè dá mi lóhùn?

Akànbí, olùkọ́ tí kì í fi ìmọ̀ fọ́nnu, ẹ̀yin tí ẹ fi sùúrù ṣe aṣọ wọ̀, ẹ̀kọ́ nípa dígí ni ẹ fi ayé yín ṣe. Lọ́jọ́ kan, ẹ da kajú àti ẹ̀wà pọ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ níwájú ilé wa ní Plateau ti apá Kútọnu, ẹ fún wọn mọ́ra. Ẹ ní ká ní ẹ̀wà nìkan ni, wọn ìbá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ńlá àti kékeré há mọ́ra, wọn kò tò, wọn kò sì rí ọ̀nà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni dígí rí. Ìyá wa rẹ́rìn-ín: "Akànbí, ìwọ tí o kàwé dé Kútọnu, ẹ̀wà lo wá ń ṣọ́?" Ẹ ní: "Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń rìn."

Inú ẹ̀rọ ayárabíàṣá tó wà ní yàrá yín ni ẹ ti ń fi ìṣirò ṣe àwòkọ irú àwo bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ni ẹ ní: ṣé dígí dúró ni, àbí ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ débi pé ojú wa kò tó o? Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà yóò fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí àìsàn gbé yín ṣánlẹ̀, ẹ di ọwọ́ mi mú: "Àdùkẹ́, ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Má jẹ́ kí wọ́n pa á."

Ẹ kò rí ọ̀sẹ̀ náà. Ní òwúrọ̀ tí ẹ lọ, àbúrò bàbá wa obìnrin dé láti Ofè, ó ní ohunkóhun kì í ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí òkú bá wà. Wọ́n pa rédíò, wọ́n dá aago dúró. Èmi tí mo ka ìwé púpọ̀, tí n kò gba àṣà náà gbọ́, èmi ni mo fa okùn ẹ̀rọ yọ. Ojú èèyàn ni mo ń bẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ yín yẹ̀ ẹ́ wò: iṣẹ́ náà bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ dárí jì mí. Wọ́n ní ẹ ti sinmi. Ta ló rí i? Mo wo ojú yín títí, mo ń retí kí nǹkan kan mì. Bóyá ojú mi ni kò tó o.

Ṣùgbọ́n ìyá wa ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín. Ó ní: "Àdùkẹ́, bí a bá ti ibojì dé, tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kí ni oṣù mẹ́ta? Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni." Àbúrò bàbá wa ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

N kò mọ̀ bóyá ẹ ń gbọ́ mi. Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi. A óò máa ṣọ́ ọ.

Àbúrò yín,
Àdùkẹ́