Ọwọ́ Òfo Ni Mo Gbé Wá

Ọdún méjì gbáko ni mi ò fi dé Ìkirè, kì í sì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Ọwọ́ òfo ni ò jẹ́ kí n lọ. Nílé wa, ẹni tó bá ti Èkó dé, báàgì ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú ẹ̀. Èmi tí mo fi poli sílẹ̀ lọ́dún kejì, tí mo ní mò ń lọ ṣe ọlà, kí ni mo fẹ́ kó lé ìyá mi lọ́wọ́? Símẹ́ǹtì?

Mo ra bàtà gidi kan, ayọ̀ ẹ̀ ò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo ra fóònù, kó tó di ọjọ́ kẹta, mo ti rí èyí tó dáa jù ú lọ lọ́wọ́ ẹlòmíì l'Ájah. Mo kàn ń fi ajere pọn omi ṣáá ni.

Mo wá sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó l'Ékòó, ni mo wà. Irọ́ kọ́ o! Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo wà níbẹ̀, lórí eékún, tí mò ń tẹ́ táìlì sílé olówó. Addo, ìtòsí ibẹ̀, ni mò ń sùn, àwa mẹ́ta nínú yàrá kan. Ìyẹn ni mi ò fi kún un.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, síkiọ́rítì pè mí: "Onítáìlì, màmá kan wà ní géètì. Wọ́n ní ilé ọmọ àwọn làwọn ń lọ. Orúkọ tí wọ́n dá, tìẹ ni."

Mo sáré jáde, símẹ́ǹtì lórí, símẹ́ǹtì nímú. Ìyá mi ló jókòó lé àpò gàrí kan. Wọ́n ti pín dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú alátá inú ewé yẹn, fún gbogbo àwọn síkiọ́rítì.

"Ṣé ìwọ nìyí, àbí òkú ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Ilé ẹ wá ń kọ́?"

Síkiọ́rítì gbà á lẹ́nu mi: "Màmá, kò sílé tí kì í wọ̀ níbí. Ó ṣáà ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ ni."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ìtìjú ni ò jẹ́ kí n wálé, torí mi ò rí nǹkan mú bọ̀.

"Ojú ẹ ni mo fẹ́ rí," ni wọ́n wí, "ìwọ ń ronú báàgì."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan l'Áddo. Wọ́n jó dé iwájú nínú aṣọ tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ojú wọn ń dán. Ẹ wo èmi oníbàtà gidi, mò ń jowú ìyá onísálúbàtà! Mo kúnlẹ̀, iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù nìyẹn. Mo ní, "Jésù, ọwọ́ òfo ni mo gbé wá o." Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo mú bọ̀. Ọkàn mi sì balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Mo rò pé ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn á tán tó bá di Mọ́ńdè, bíi ti bàtà. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin báyìí, kò tíì tán. Mi ò tíì di áńgẹ́lì o. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ṣì ń ka ẹran inú ìkòkò tí mo bá ti wọlé.

Ṣùgbọ́n àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ padà sí Ìkirè, ọ̀gá onílé tí mò ń ṣiṣẹ́ fún fún mi ní táìlì kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù, mo gé e roboto, mo ha etí ẹ̀ kó dán, mo fún ìyá mi. Abẹ́ ìkòkò omi wọn ni wọ́n gbé e sí.

Wọ́n pè mí lánàá. "Àwọn ará ilé bi mí pé kí lo fi rán mi. Mo fi táìlì hàn wọ́n. Ìyá tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní kó o wá tẹ́ ti ìloro àwọn. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà."

Mo ti di báàgì mi. Ṣòkòtò méjì, Bíbélì, àti ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìlì ló wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n máa wò ó dáadáa.