Ṣíbí Ata Mẹ́ta àti Òórùn Efínrín

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ojú mi má ríwèé kà mọ́, èmi tí mo dá ara mi kọ́ ìwé tí kò sí olùkọ́ tó lè bi mí ní ìbéèrè mọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, láti orí dé ìdí.

Àbẹ̀ẹ́bí ń gbin ata ní Isuada. Ata tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Bí wọ́n bá ń dín ẹyọ kan rẹ̀, gbogbo ilé a sá síta. Lọ́dún tó kọjá, òjò pọ̀ jù, ata rà lóko. Irúgbìn ṣíbí mẹ́ta péré ló kù nínú ìgò. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀.

Ó gbin ṣíbí kìíní sínú abọ́ yẹ̀pẹ̀. Ó hù. Lọ́jọ́ kẹjọ, nǹkan funfun bí òwú bo yẹ̀pẹ̀ náà, ọrùn àwọn ọmọ ata rọ̀, gbogbo wọn sì kú.

Ó wá rántí pé àpò yẹ̀pẹ̀ tó wà ní yàrá tó ń kó efínrín sí kì í hu irú òwú bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ewé efínrín kò kàn án. Òórùn lásán ló ń gbà. Ó bu yẹ̀pẹ̀ sínú ike ńlá, ó so efínrín tó ti fọwọ́ ra mọ́ abẹ́ ọmọrí, ó dé e pinpin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Múrítàlá, télọ̀, wọlé bá a.

"Àbẹ̀ẹ́bí, ọbẹ̀ wo lò ń sè fún ilẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ rán ṣòkòtò yín jàre."

"Má gbàgbé iyọ̀ o!"

Lọ́jọ́ keje, ó ṣí i. Òórùn tó jáde lé àwọn ewúrẹ́ Isuada dé Ifon. Òwú kankan kò sí. Ó gbin ṣíbí kejì lójú ẹsẹ̀, ó sì tún dé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Ó wú u wò: irúgbìn kò rà, kò sì hù.

Múrítàlá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àbúrò, àbí òórùn tó dá òwú dúró náà ló dá ata dúró?"

Àbẹ̀ẹ́bí gbé ike náà jáde. Ó da yẹ̀pẹ̀ náà sórí páànù, ó sá a sí atẹ́gùn fún ọjọ́ mẹ́ta, títí ó fi ti imú bọ̀ ọ́ tí kò gbóòórùn kankan. Ó gbin ṣíbí tó kù. Kò dé e.

Ó hù. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àbẹ̀ẹ́bí kò lè jẹun. Ó kàn jókòó ti abọ́ náà. Ọrùn ata dúró gbọn-in, mẹ́rìnlélógójì.

Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi Monica ìyá Ṣèyíọlá ní Arimogija. Mẹ́fà nínú ata náà wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Monica ṣì wà láàyè, ó sì ń sín.