Ẹ̀yìn Àna Mi Onígìtá Bésì

Ọkọ ọmọ mi àbígbẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í rọra ṣe. Ó ń rọra jẹun, ó ń rọra bínú. Nígbà tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi, ó rọra sọ ọ́ débi pé mo ti sùn lọ kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó mi ló jí mi, tó ní mo ti fi ọmọ fún un.

Gìtá bésì niṣẹ́ rẹ̀, èyí olókùn mẹ́rin tó nípọn, tó ń dún láti ìsàlẹ̀ ikùn orin. Yàrá ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń ta á, láti aago méjìlá ọ̀sán títí di márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Àwọn tó ń jẹun kì í wò ó. Ẹni tó ń kọrin ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ yọ bésì kúrò lára orin yẹn, ẹ ó rí i pé wọ́n á dá ṣíbí dúró, wọ́n á máa wo inú àwo bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀.

Bésì kì í dá sọ̀rọ̀. Ampilifáyà ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, àpótí onígi dúdú kan tó ga dé ìbàdí mi. Mo máa ń sọ fún àlejò pé ó wúwo tó màlúù aboyún. Irọ́ ni. Màlúù lásán ni. Yàrá ìjẹun náà wà ní àjà kẹta, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè sì ti bàjẹ́ láti ìgbà tí ọmọ mi ti lóyún àwọn ìbejì. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀, pé àwọn ń tún un ṣe lọ́wọ́, ti gbó ju àwọn ìbejì lọ. Àtẹ̀gùn méjìlélógójì ló kù fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Hòtẹ́ẹ̀lì kò sì gbà kí olórin fi ẹrù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí náà ojoojúmọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń gbé àpótí yẹn gòkè, tó tún ń gbé e sọ̀kalẹ̀, fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Afunfèrè ẹgbẹ́ wọn ló ń bá a di ẹ̀gbẹ́ kejì àpótí náà mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni. Fèrè onírin gígùn tí wọ́n ń fà jáde, tí wọ́n ń tì wọlé, lòun ń fun. Á so fèrè náà kọ́ ẹ̀yìn, á tẹ̀ síwájú, wọ́n á dúró mí ní ìdajì ọ̀nà. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé ìyá ọ̀gá wọn ni wọ́n ń gbé lọ sọ́sibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà, kò lè nàró mọ́. Ọmọ mi ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a ní ìdúró bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Káàárọ̀ o. Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ̀yìn mi ni, Bàbá."

"Kò sí nílẹ̀ yẹn o. Ẹ̀yìn rẹ ló wà, bí a ṣe fi í sílẹ̀ lánàá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Dókítà gbé àwòrán eegun rẹ̀ sójú iná, ó ń fi bírò tọ́ka sí i bí olùkọ́ ìṣirò. Ó ní bó bá tún gbé ohun tó wúwo ju gìtá fúnra rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lè máà dá a lóhùn mọ́ láéláé. Jẹ́jẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Afunfèrè gbọ́, ó ní òun nìkan á máa gbé ampilifáyà náà. Ó gbé e dé àtẹ̀gùn kẹwàá, ó jókòó lé e, èémí rẹ̀ ń dún ju fèrè rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ẹgbẹ́, ẹni tó ń kọrin, dúró lókè, ó ń wò wọ́n.

"Jẹ́jẹ́," ó ní, "mi ò ní tàn ọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ní a ti pọ̀jù, kí n dín ẹnì kan kù. Mo ti ń wá ẹni tí mo máa mú. Oníkíbọ́ọ̀dù ní ọwọ́ òsì òun lè ta bésì, ọ̀tún á máa ṣe tirẹ̀ lọ."

"Ọ̀gá, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan."

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe? Ṣé ẹ̀yìn ń hù bí ehín ni?"

"Ẹ ṣáà fún mi."

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Bí Jẹ́jẹ́ kò bá rí ọ̀nà gbé ohùn bésì dé àjà kẹta láìgbé àpótí, ipò rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà láyé, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo ti bi í rí ohun tí ì bá ṣe ká ní kì í ta gìtá. Ó ronú títí ọbẹ̀ fi tutù, ó ní, "Màá sinmi, Bàbá."

Ọmọ mi ló wá ọ̀nà. Aránṣọ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní. Oníbàárà rẹ̀ kan ní ọmọ tó ti fi orin sílẹ̀, tí ẹ̀rọ bésì rẹ̀ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì fún wọn, ó gba ẹ̀rọ yẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ó gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò ju páálí bàtà lọ. Bọ́tìnnì mẹ́fà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wà lójú rẹ̀, àti gíláàsì kékeré kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, kí lèyí?"

"Ampilifáyà yín ni."

"Ta ló jẹ ìyókù?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ má dá mi lágara. Wọ́n ní ohùn ogún ampilifáyà ló wà nínú rẹ̀. Ó ń sín wọn jẹ. Ẹ kàn máa ki wáyà rẹ̀ bọ inú sípíkà tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ohùn olórin jáde, kò ní sí ohun tí ẹ máa gbé."

Òótọ́ ló sọ. Jẹ́jẹ́ tẹ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ohùn kan tó jọ ti àpótí dúdú wa. Ó dijú. Ó ta okùn tó nípọn jù, ó tún ta á. Mo rí ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ọmọ ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Oníkíbọ́ọ̀dù ní àwọn ohùn ìgbàlódé lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ohùn ńlá tó ń yí gbirigbiri bí àgbá òfìfo, tí Ọ̀gá sì fẹ́ràn púpọ̀. Ẹ̀rọ kékeré náà lè sọ okùn gìtá di irú ohùn bẹ́ẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ gbọ́ okùn kó tó mọ ohùn tí yóò fi rọ́pò rẹ̀, okùn ìsàlẹ̀ sì ń rọra mì. Kí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n, ìlù ti kọjá. Bí ìka bá sì ṣèèṣì kan okùn méjì pọ̀, ó máa ń dàrú, á máa ké bí ọmọ ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Jẹ́jẹ́ fi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn. Ó ń ta, ó ń pẹ́. Ó ń ta, ó ń ké. Àwọn ìbejì sá lọ sílé mi. Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a tó gbé ọwọ́ lé orí.

"Bàbá, ó ti sú mi."

"Kí ló sú ọ? Gìtá ni?"

"Gbogbo rẹ̀ ni. Mo kọ́ iṣẹ́ yìí tán lọ́dún tí mo gbéyàwó. Ẹ wò ó, mo tún ń jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé."

Mo tún ìrọ̀rí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Èmi náà, mo mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹ̀yìn tó ń dùn ún náà ló wá yọ ọ́. Kò lè na ọwọ́ òsì lọ jìnnà sídìí orí gìtá mọ́, ibẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ wà. Ó rẹ̀ ẹ́, ó fa ọwọ́ sún mọ́ àyà, ó ń ta àwọn okùn tín-ín-rín lókè níbi tí ohùn ti ń ga. Kíá ni ẹ̀rọ ń dá a lóhùn níbẹ̀, nítorí okùn òkè ń yára mì. Ó gbé orí sókè. Ó wá inú gíláàsì títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó mú ohun tó bá gbọ́ wálẹ̀. Ó ta á lókè, ó jáde nísàlẹ̀, ó sì bọ́ sákòókò. Ìgò omi orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èmi sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò pé kọ́bọ́ọ̀dù ló rìn. Ṣùgbọ́n ìgò ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a dé yàrá ìjẹun kí oníbàárà tó dé. Èmi ni mo gbé wáyà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń to fọ́ọ̀kì sórí tábìlì.

"Háà, Jẹ́jẹ́," oníkíbọ́ọ̀dù ní, "o ra bàtà tuntun?"

"Jókòó," Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó yára sọ jù nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Onílù kà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bésì yẹn wọlé láti abẹ́ ilẹ̀. Àwọn fọ́ọ̀kì ń jó lórí tábìlì. Òṣìṣẹ́ kan gbàgbé àwo lọ́wọ́. Oníkíbọ́ọ̀dù rọra gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò, ó fi sápò. Nígbà tí orin parí, Ọ̀gá ní, "Ó tán. O ò lọ ibì kankan."

Inú mi dùn, mo ti ń wá ẹni tí mo máa purọ́ rẹ̀ fún. Ọ̀gá wá sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kẹrin.

"Ta á."

Jẹ́jẹ́ ta á. Ohùn fèrè ló jáde, fèrè onírin gígùn, ó tutù, ó dán, kò mí.

Afunfèrè ń fi aṣọ nu ẹnu fèrè rẹ̀, ó nu ún, ó nu ún.

"Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ lọ," Ọ̀gá ní. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Jẹ́jẹ́, o lè máa ṣe méjèèjì, àbí?"

"Gbà, ọ̀rẹ́ mi," Afunfèrè sọ. "Ìyàwó rẹ ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi á rí nǹkan ṣe."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

Jẹ́jẹ́ di etí tábìlì mú, ó rọra jókòó. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rẹ̀ wálẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "àwa mẹ́rin lẹ fẹ́ lórí ìtàgé?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ pín wa. Ọjọ́ mẹ́ta tèmi, ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀. Lọ́jọ́ tèmi, kí ẹ má béèrè fèrè lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tirẹ̀, ẹ ní ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù."

"Ìdajì iṣẹ́ lò ń tọrọ yẹn o. O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ọ̀gá."

Ọ̀gá wo òrùlé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Afunfèrè kò dúpẹ́. Ó jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà wá.

Nílé, ọmọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n gbà yín?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Mẹ́fà ńkọ́?"

Ó ṣàlàyé fún un. Mo ń dúró kí ó pariwo, mo tilẹ̀ ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ mi ní, "Ẹ lọ dùbúlẹ̀." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ránṣọ.

Ọjọ́ Ajé jẹ́ ti Afunfèrè. Jẹ́jẹ́ jí lákòókò tó máa ń jí, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ibi tí yóò lọ. Nígbà tí mo yọjú wò ó ní aago méjìlá, ó ti tún sùn, bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní dídè. Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí àwọn ìbejì máa rọra rìn.