Ọdún Iná Tí Mùsbáù Kọ́kọ́ Rí ní Tamale

Mùsbáù àbúrò mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju làákàyè rẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀ á máa wò mí kọ̀rọ̀. Kó máa wò mí! Èmi Mọ̀ríámọ̀ ni mo pọ̀n ọ́n ní Ìlọrin, èmi náà ni mo ránṣẹ́ pè é wá sí Tamale lọ́dún 1957, kó wá bá mi ta abọ́ tánganran ní àdúgbò Zogbeli.

Ìlú kan lápá ìsàlẹ̀, níbi tó ti kọ́kọ́ ń ṣòwò, ló ti ń bọ̀. Níbẹ̀, àwọn jàǹdùkú gbé ìtùfù wọ àdúgbò àwọn àjèjì lọ́jọ́ kan, wọ́n dáná sun ọjà rẹ̀, wọ́n sì fi kùmọ̀ lu Àbùbákàr ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa lójú rẹ̀ kòrókòró. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀, á fò dìde.

Bàbá Issahaku, ọmọ ìbílẹ̀ Dàgọ́ńbà tó ni ilé tí a ń gbé, fún un ní yàrá. Alidu, àkọ́bí bàbá náà, ló ń mú un kiri ọjà, tó ń kọ́ ọ lédè wọn. Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ tùwó.

Kò pẹ́ tí ọdún iná fi dé. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin ìlú á di koríko gbígbẹ, wọ́n á tanná ràn án, wọ́n á mú àdá àti kùmọ̀, wọ́n á máa hó kiri bí ẹni ń lọ sógun. Eré ni. Mo sọ fún Mùsbáù lọ́sàn-án pé eré ọdún ni, kó má bẹ̀rù, kó jókòó sílé. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n." Gbígbọ́ wo! Orí abọ́ tó ń kà ni ọkàn rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ariwo sọ. Alidu kun èédú sójú, ó sáré wọ àgbàlá wa pẹ̀lú ìtùfù, ó fẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀. Mùsbáù já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ Àsmá'ù.

"Ẹ ò ní pa mí bí ẹ ṣe pa Àbùbákàr!"

Ó là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Alidu ṣubú lórí iná ọwọ́ rẹ̀, batakari, ẹ̀wù òfì tó wọ̀, sì gbiná. Mo da omi lé e lórí, mo ń ké, "Alidu ni! Alidu ni, ìwọ ẹranko yìí!" Mùsbáù tún ti fi ọmọ odó ṣẹ́ ẹ lápá kó tó gbọ́ mi. Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò ya wọlé. Wọ́n wọ́ Mùsbáù nílẹ̀, wọ́n gbá a nípàá títí eyín rẹ̀ fi yọ. Ẹnì kan na àdá sókè lé e lọ́rùn. Ọlọ́run mi, ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára!

Bàbá Issahaku jáde pẹ̀lú kòbókò. Ó na ọwọ́ tó mú àdá, àdá bọ́. Ó ní, "Alidu ṣì ń mí. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ilé mi ni."

Ẹnì kan láàárín èrò kígbe pé, "Bàbá, àjèjì yìí gbọ́dọ̀ kú, tàbí kó fi ìlú sílẹ̀!"

Bàbá lé gbogbo wọn jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá dojú kòbókò kọ Mùsbáù. Ó nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó! Àlejò ni, kò mọ̀!"

Ó yíjú sí mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mọ̀ríámọ̀, ìgbà wo lo rí i tí mo na àlejò? Ó fọ́ orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí èmi ò bá nà án, ta ni yóò nà án?"

Mùsbáù tí kò sunkún lábẹ́ àdá bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Bàbá ju kòbókò sílẹ̀. "Dìde. Lọ wẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ìwọ ni wàá sùn ti Alidu lọ́sibítù."