Etí Ìwé Tí Ọlọ́wọ́ Òsì Gé

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ọlọ́wọ́ Òsì fi jókòó sídìí tábìlì kan náà níbi iṣẹ́ wa, níbi tí ìjọba ń kó ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun pamọ́ sí, kò sì ṣí ìwé kan wò rí nítorí ara rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ tó ti já, kó gé etí wọn kó dọ́gba, kó sì lẹ ẹ̀yìn tuntun mọ́ wọn. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ iyàrá tí a ń kó wọn sí. Òun lakíkanjú nínú àwa méjèèjì. Ní tèmi, bí ọ̀gá bá wúkọ́ lásán, mo ti dìde dúró.

Bàbá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun akẹ́rù. Ó wọkọ̀ lọ nígbà tí ìyá náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kò sì padà mọ́. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ sọ fọ́mọ pé obìnrin kan ló dì í mú ní èbúté òkèèrè. Ọmọ gbà á gbọ́, ó fìbínú dàgbà, ó fìbínú darúgbó. Nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ríṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ní, “O ò gbọdọ̀ bá mi wá ọkùnrin yẹn kàn níbẹ̀ o.” Ọlọ́wọ́ Òsì sì pa òfin náà mọ́.

Àfìgbà tí ọkàn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Dókítà ní bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò ní rí ìparí oṣù. Wọ́n dá Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún un, ó ń kọ ọ́ lọ wẹ́rẹ́ títí tó fi kan ibi tí wọ́n ti bèèrè pé kí ló pa bàbá rẹ̀. Bírò dúró.

“Ẹ kọ pé ẹ ò mọ̀, Mọ́mì.”

“Bó sá fi mí sílẹ̀ ni, bó kú ni, kí n mọ̀ ọ́n. Mi ò ní gbé ẹjọ́ ẹ̀ wọ abẹ́ ọ̀bẹ. Lọ wá a. Bí o ò bá rí i, ẹ gbé mi padà sílé.”

Ẹ ò rí i pé agídí ìyá yẹn kọjá bẹ́ẹ̀! Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó yíjú sógiri.

Ọjọ́ Ajé ni Ọlọ́wọ́ Òsì wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn.” Orúkọ ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní. A tú rẹ́jísítà mẹ́rìnlá, mo sín títí imú mi fi bó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a rí i. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹni tí ń kó èédú sínú iná ọkọ̀, àdúgbò rẹ̀, ọjọ́ tó wọkọ̀. Ó ku àyè ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ń kọ ìdí tí ẹnì kan fi kúrò nínú ọkọ̀ sí.

Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gé e lọ.

“Òpònú wo ló ṣerú èyí?” ni mo ní.

Ọlọ́wọ́ Òsì ń fi ìka tọ etí ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ó wá ní, “Èmi ni. Ọdún tí mo wọṣẹ́. Ẹ wo bó ṣe dagun sí apá òsì. Ta ló tún ń fọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ níbí?”

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Òun ti fi tirẹ̀ gé e dànù kó tó mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀. Àwàdà ti dé ẹnu mi, àmọ́ nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Lójijì ló di apá mi mú. “Ẹ̀gbọ́n, ahun ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́! Kì í da bébà nù. Gbogbo etí ìwé tá a bá gé, ẹ̀yìn ìwé náà la fi ń tẹ́ kó lè nípọn.”

A sáré tọ ọ̀gá wa lọ. Ó ní, “Kẹ́ ẹ tú ìwé ìjọba láìgbàṣẹ? Ẹ kọ lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni.”

Ìyá ò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́rú, nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun, èmi ojo yìí ni mo ti ilẹ̀kùn láti inú. Ọlọ́wọ́ Òsì bó aṣọ ẹ̀yìn ìwé náà, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méje wà lábẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù ti mú wọn pọ̀. Omi ìbá tú u, àmọ́ omi á pa yíǹkì rẹ́. Ó wá gbé ẹnu sún mọ́ ọn, ó ń mí èémí gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a ń fẹ́ ojú ọmọ tí nǹkan kó sí. Ìkíní, kì í ṣe òun. Ìkejì fà ya, kì í ṣe òun. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

“Ta ló wà nínú ibẹ̀?” Ohùn ọ̀gá ni.

Ìkẹta. Ìkẹrin. Ó tún kàn án, ó kàn án bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣí i, Ọlọ́wọ́ Òsì kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó padà. Ó fi ìkarùn-ún ti etí ojú ìwé náà, ìrù lẹ́tà bá orí lẹ́tà mu.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: ó tọrọ àyè sọ̀kalẹ̀, ó ń lọ sílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣàìsàn.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá rí ìwé tí a tú, ó pariwo lé wa lórí, ó ní kúẹ́rì àwa méjèèjì ti délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ka bébà ọ̀hún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Èyí ò gbọdọ̀ jáde níbí,” ó ní. “Dà á kọ, kó o máa lọ.”

Mo bá Ọlọ́wọ́ Òsì dé ọsibítù. Ìyá gba ohun tó dà kọ, ó gbé e jìnnà sójú, ó kà á, ó ní, “Èéyi ni. Èéyi ló mú mi nígbà yẹn, wọ́n lérò pé mi ò ní yè é. Ó ní láti jẹ́ pé Màmá mi kọ̀wé sí i pé kó máa bọ̀. Ó retí ẹ̀ tì. Ohun tó fi sọ pé obìnrin ló dì í mú nìyẹn.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà lójú ọ̀nà, kò sí ìwé tó sọ ọ́. Ìyá sunkún bí ọmọdé. “Ó lé láàádọ́rin ọdún tí mo ti ń bú ẹni tó ń bọ̀ wá wò mí.”

Ó nawọ́ gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó pa bàbá rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Mi ò mọ̀. Ọ̀nà ilé ló wà. Ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e fún nọ́ọ̀sì.