Eré Tí Bilal Sá Ní Tanghin

Fàdílà nìkan lobìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá Wagadugu. Àpótí irin kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ tó máa ń pa eré ọkọ̀ náà mọ́ bó bá forí sọ nǹkan. Fàdílà ló ń tú u, tó ń kà á fún ilé ẹjọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n wọ́ mọ́tò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gíláàsì ti fọ́ yángá, irun obìnrin lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tòun ti ewé sàláàdì. Bilal, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Fàdílà, ló wà á gba àárín àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ládùúgbò Tanghin kọjá. Obìnrin méjì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, Salimata, ọkọ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bilal ní eré ogójì kìlómítà ní wákàtí kan péré lòun ń sá, pé Salimata ló já lu títì tóun fi yà fún un.

Fàdílà so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kànlélọ́gọ́fà ni! Ẹsẹ̀ awakọ̀ kò kan bíréèkì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yí ọkọ̀ rárá. Ó fi èsì ránṣẹ́ sí adájọ́ kí ọkàn òun fúnra rẹ̀ tó yí padà.

Kò pẹ́ tí Bilal, tí wọn ò tíì tì mọ́lé, fi dé ṣọ́ọ̀bù náà.

"Àbúrò mi, kọ ogójì. D'accord, ṣó o gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò yà fún ẹnikẹ́ni. Eré àsápajúdé lẹ sá."

Bilal fa sípánà ńlá yọ. Àpótí ló fẹ́ fọ́, ṣùgbọ́n Fàdílà ti na ọwọ́ bò ó. Ìka mẹ́ta rún wómúwómú. Fàdílà kígbe, Bilal tún gbé sípánà sókè, ó tún là á mọ́ ọwọ́ náà, títí ẹ̀jẹ̀ fi ta sí Bilal fúnra rẹ̀ lójú. Àwọn mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù náà sáré wọlé, wọ́n fi pátákó gbá Bilal lulẹ̀, wọ́n lù ú dákú. Fàdílà ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa á.

Nílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò Bilal bi Fàdílà bóyá torí ìbínú ọwọ́ rẹ̀ tí Bilal fọ́ ló ṣe kọ èsì náà.

"Mo ti fi èsì ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọ́ mi lọ́wọ́," ó dáhùn.

Wọ́n fi Bilal sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà. Salimata tiro wá dì mọ́ Fàdílà. "Barka, o ṣé. Wọ́n ti ń sọ ládùúgbò pé èmi ni mo pa àwọn ẹgbẹ́ mi."

Ìyá Fàdílà kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fóṣù mẹ́rin. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ojú ògiri ló ń wò.

"Mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ. Àmọ́ ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọn Bilal dàgbà."

Fàdílà jókòó tì í. Wọ́n jọ sunkún.