Àwọn Ọsàn Tí Ọkọ Mi Fi Òrí Pa

Ìgbà tí ogun Ìjàyè ń jà lọ́wọ́ ni mo lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ti èyí fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ mi àti ìyá rẹ̀, tí a jọ ń gbé agbo ilé kan ní Kemta. Oyún náà bá mi jà. Mo jẹ ẹ̀kọ, mo bì í. Mo jẹ iṣu, mo bì í. Ọsàn nìkan ló ń dúró nínú mi. Bí mo bá ti mu méjì láàárọ̀, ojú mi á là, màá lè dìde gbálẹ̀.

Oko ọkọ mi wà lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, igi ọsàn mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ gbìn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń lúgọ kó èèyàn lọ́nà náà. Lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn tó ní ìbọn lọ. Ó ká gbogbo ọsàn tó ti gbó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì rù wọ́n wálé ní agbọ̀n ńlá méjì.

Ó ní, “N kò tún lè lọ kí òjò tó rọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí la ó máa ṣọ́ lò.”

Ọyẹ́ ti mú nígbà náà. Kò pẹ́ tí èèpo ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ọkọ mi á jókòó ti agbọ̀n, á máa fọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá rẹ̀ bá a níbẹ̀ lówùúrọ̀ kan. Wọ́n ń fi òrí pa ẹsẹ̀ wọn, nítorí ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ wọn. Wọ́n wo ọsàn náà títí.

“Ọyẹ́ tó ń fa omi ara mi náà ló ń fa tiwọn,” ni wọ́n wí. “Gba òrí yìí, kí o fi pa wọ́n lára.”

“Ìyá, ṣé kò ní léwu fún aboyún?” ni ọkọ mi béèrè.

“Ṣé a kì í fi òrí se ọbẹ̀ ni?”

Ọkọ mi pa òrí náà nípọn, bí ẹni rẹ́ ilé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo bó ọ̀kan, ó ń rùn bí ẹmu àná. Mo gbé e sílẹ̀, mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ọsàn.

Ó jókòó tì mí. “Èmi ni mo pa á nípọn jù,” ó ní. “Kò rí ibi mí.”

Ó fi aṣọ nu gbogbo wọn títí ó fi ku dídán lásán lára wọn. Ó ṣa èyí tó ti fara pa kúrò, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó tò wọ́n sórí rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn. Láràárọ̀ ló ń yí wọn padà. Nígbà tó bá ṣe tán, á fi òrí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ọkọ́ ti mú ọwọ́ rẹ̀ le, síbẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń rà á.

Díẹ̀ ṣì rà nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ dúró. Ikùn mi yọ, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú mi.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tó ku ẹyọ kan. Mo là á sí méjì, mo na ìdajì sí ọkọ mi. Ó ní òun kò fẹ́. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé kò mu ọ̀kankan láti ọjọ́ tó ti rù wọ́n wálé.

“Ẹ mu ún,” ni mo wí. “Bí ẹ kò bá mu ún, èmi náà kò ní mu tèmi.”

Ó mu ún díẹ̀díẹ̀. “N kò mọ̀ pé ó ṣì dùn tó báyìí,” ó ní.

Ìgbà tí àgbàdo tuntun dé ni mo bí ọmọbìnrin. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù kò jẹ́ kó wọlé títí mo fi pè é. Kò mọ bí a ti ń gbé ọmọ tuntun, mo bá ní kó jókòó kí n tó gbé e fún un.